Olóòlà Etí Òkun Skipsea

Ní oṣù kẹta, kí yìnyín tó yọ́ tán,
a gbé dróònù lọ sí bèbè amọ̀ Skipsea.
Ó kùn lọ sókè bí agbọ́n tó ń wá ilé rẹ̀ tì,
ó ya ẹgbẹ̀rún àwòrán,
ó padà wá bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi nínú koríko tútù.

Ní Beverley, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà.
Mo tẹ́ máàpù ọdún yìí lé ti èṣí,
bí ẹni rọra tẹ́ aṣọ lé ọmọ tó ń sùn.
Ìlà méjèèjì kò pàdé.
Òkun ti jẹ mítà mẹ́rin àti díẹ̀,
kò sì nu ẹnu.

Ìlà ni iṣẹ́ mi.
Baba tó bí baba mi kọ àbàjà;
olóòlà tó kọ ọ́ mọ orúkọ rẹ̀,
ó fi omi ìgbín tu ojú ọgbẹ́, ó ní kó pẹ̀lẹ́.
Olóòlà ti ibí yìí kì í bèèrè ọmọ ta ni.
Òru ló fi ń kọ ilẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́,
abẹ rẹ̀, omi ni,
ọgbẹ́ rẹ̀ kì í jinná.

Àmì pupa kan wà níbẹ̀, kò ju ẹyọ ọkà bàbà lọ:
nọ́ńbà kọkànlá, ilé Wilf Garbutt.
Ó bu tíì fún mi lọ́jọ́ tí a fò dróònù.
"Ṣé mo ṣì wà lórí máàpù yín?"
Mo ní, "Ẹ ṣì wà, sà."
"Títí di ìgbà wo?"
Kọ̀ǹpútà ti ṣírò rẹ̀ fún mi:
ọdún méjì, bí ìjì bá ṣàánú.
Mo bu ṣúgà sí tíì, èmi tí n kì í mu ṣúgà.
Ó nawọ́ sí igi ápù tó ti dagun sí òkun,
ó ní, "Bess wà lábẹ́ ẹ̀. Ajá dáadáa ni."
Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Dróònù rí igi náà. Ó wọn gíga rẹ̀, kò ṣì í.

Agogo márùn-ún kọjá, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti lọ.
Mo fa ìlà sínú, bí òfin ti wí,
ó gba àárín ọgbà Wilf kọjá.
Mo wá ṣí àpótí àkíyèsí tí ẹnikẹ́ni kì í kà.
Mo tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, kí ọ̀gá má baà bi mí.
Ogún lẹ́tà péré ni ẹ̀rọ gbà,
ó gé ìyókù dànù:

Ajá kan, Bess, lábẹ́