Abẹ́ Ọ̀dà

A wọ́ ọ gòkè létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, àwa méje àti okùn kan,
kí oòrùn tó mú, kí àwọn ẹlẹ́ja tó kún Olúwo.
Ọkọ̀ bàbá mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí omi.
SÙÚRÙ LÉRÈ ló kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Sùúrù nìkan ló kù, omi ti jẹ èrè rẹ̀.

Múfútàù kò mú òòlù, kò tan ẹ̀rọ.
Kọ́bọ̀ kan ló yọ lápò, èyí tí kò lè ra nǹkan kan mọ́,
ó ń fi kan ìdí ọkọ̀ láti iwájú wá sẹ́yìn,
ó tẹ́tí bí agbẹ̀bí.
Kó. Kó. Kó. "Ibí yìí yè."
Kó. Kó.
Bù.
Ó tún un kàn. Bù.
"Ẹ wá gbọ́. Omi ń gbé inú ògiri yìí."

Mo ní ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán.
Ó ní ọ̀dà kì í jẹ́rìí.
Ó fi ọ̀bẹ tọ́ ibi kan tó lé ròrò bí ojú iná,
omi pọ́n jáde, ó ń ta nímú bí omíkan.

Ìgbà náà ló wá tan gíráíńdà.
Eruku funfun bo irun wa, gbogbo wa darúgbó lójú kan náà.
Ẹni tí kò bá mọ fáíbà, kó bi mí:
dígí ni, tí wọ́n ran bí òwú,
ó ń yúnni bí wèrèpè,
o ó wẹ̀, o ó tún wẹ̀, o ó fi epo pa ara,
lóru wàá ṣì máa họra.

Abẹ́ ọ̀dà la bá fílà.
Fílà tí kì í ṣe fìlà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe:
wọ́n ń bo egbò kí ará ìta má rí i.
Abẹ́ fílà la bá aṣọ.

Aṣọ, mo ní. Kì í ṣe máàtì.
Ìró aláwọ̀ ewé, ẹyẹ pupa méjì-méjì lára rẹ̀,
résìn ti sọ ọ́ di àwo, ẹyẹ kankan ò ṣí.

Mo mọ àwọn ẹyẹ yẹn.
Orí okùn ni wọ́n ti sọnù, ọdún tí mo wọ kíláàsì kẹta,
tí ìyá mi dúró láàárín agboolé
tó pe Ìyá Kúdírá lólè, lẹ́ẹ̀mẹta, níṣojú ọmọ rẹ̀.
Ọdún mọ́kàndínlógún rèé, wọn kò kí ara wọn.
Kànga kan náà ni wọ́n ń fà.
Ọdún yẹn náà ni bàbá mi ń bọ̀ láti Àgbówà lóru
tí ìtì igi kan gbá a lábẹ́ omi. Ó ní kò ṣe nǹkan kan.
Máàtì ti tán, owó ti tán, ọjà Èjìrìn di ọ̀la:
ọkùnrin náà bojú wo okùn aṣọ.
Ó gbọ́ ìjà náà látòkè délẹ̀. Ó ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀ lọ.

Múfútàù ní aṣọ kì í ṣe fáíbà, aṣọ a máa mu omi,
òun ló ń fa ọ̀sà wọlé díẹ̀díẹ̀ látọjọ́ yìí,
títí igi àárín fi rà bí àkàrà inú ẹ̀kọ.
Ó ní ká gé e títí a ó fi kan ibi tó le.
A gé e. Ihò náà gba orí mi.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi í sílẹ̀ fún ọyẹ́,
nítorí bí a bá da résìn lé ọ̀rinrin,
irọ́ kejì la ń pa.
Lẹ́yìn náà, máàtì mẹ́rin, ọ̀kan fẹ̀ ju ọ̀kan lọ,
Múfútàù ń ka ẹ̀kán kátálíìsì bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà.

Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a gé e,
mo mú ègé kan lọ sílé, ó tó àtẹ́lẹwọ́.
Ìyá mi fi àtàǹpàkò ra ẹyẹ kan títí.
Mo rò pé yóò sunkún. Ó ní, "Bàbá rẹ yìí."
Ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan tèmi,
ó sọdá agboolé nínú òkùnkùn,
ó fi ègé ọkọ̀ náà kan ilẹ̀kùn Ìyá Kúdírá.

Kó. Kó.

Mo dúró, mo ń tẹ́tí sí ìró rẹ̀.