Tíì Oníyọ̀

Odò Nárìn ti di yìnyín.
Olùkọ́ Gulisátì kò kọ nǹkan sí pátákó,
kẹ́túlù tíì méjì ló gbé wọlé:
ọ̀kan kékeré, ọ̀kan bí ikùn abo ẹṣin tó lóyún.
"Ife mẹ́ta rèé, ṣíbí iyọ̀ kan.
Ife méjìlá nìyẹn. Kí ó dùn bákan náà, ṣíbí mélòó?"
"Méjì!" ni Asilibẹ́kì ké.
A tọ́ ọ wò. Tíì tẹ́,
Asilibẹ́kì náà tẹ́.

Ìkẹta: ó kù díẹ̀.
Ní ìkẹrin, Bẹgimáì dijú,
ó mu tọ̀tún, ó mu tòsì,
kò mọ̀yàtọ̀.
Nígbà náà ni ṣọ́ọ̀kì tó gbéra
láti kọ ohun tí ahọ́n ti mọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò mu ife méjìlá tán?