Ó Ń Jẹ, Ó Ń Fẹ́

Lóru ni mo ń gbọ́ wọn lókè àjà,
ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín bí òjò tí kò fẹ́ dá.
Kétu ti sùn, ó sùn dé ìdí odi àtijọ́,
èmi àti eku nìkan la ṣì ń ka ọjà.

Bùtíìkì mi ò ju yàrá kan ààbọ̀ lọ:
ìrẹsì, ṣúgà, ìṣáná, tòmátì inú agolo,
àpò àgbàdo mẹ́rin tí Ráímì kó wá láti Ìlárá.
Eku ò jẹ ọ̀kan tán.
Ó tọ́ èyí wò, ó tọ́ tọ̀hún wò,
bí olorì tó ń ṣòfófó ọbẹ̀ orogún.
Ọṣẹ pàápàá, ó jẹ ẹ́. Kí leku fẹ́ fọ̀?

Ọmọkùnrin kan gun alùpùpù kọjá, ẹ̀rọ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀:
“Oògùn eku! Ó jẹ ẹ́, ó kú, kò ní rùn!”
Mo ra mẹ́ta.
Irọ́ ni. Ó rùn.
Ó kú sínú àjà níbi tọ́wọ́ ò tó,
ọ̀sẹ̀ kan gbáko loníbàárà ń dúró lójú títì,
tí wọ́n ń nawọ́ owó sí mi bí ẹni ń bọ́ ajá.
Adìẹ Àfúsá jẹ nínú oògùn náà.
Mo ní ta ló pe adìẹ wá sí bùtíìkì?
A ò kíra wa mọ́ títí ààwẹ̀ fi parí.

Ológìnní tí àna mi fún mi, orí ìrẹsì ló ń sùn sí.

Lọ́jọ́ tí mo gbé àpótí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri
ni mo rí ìtẹ́ wọn, ó rí roboto,
ó rọ̀ ju tìmùtìmù mi lọ.
Ọmọ méje, pupa, ojú ò tíì là.
Mo ti gbé bàtà sókè
kí n tó rí ìkọ̀wé ara mi lábẹ́ wọn:
*kílò ṣúgà mé*
*epo, yóò san lọ́jọ́ àl*
Ìwé gbèsè mi! Ọdún mẹ́ta!
Ìyá wọn ti gé e wẹ́wẹ́,
ó fi gbèsè àdúgbò tẹ́ ibùsùn ọmọ.
Ohun tí mo fi bàtà ṣe, n kò ní sọ.

Eku ilé gbọ́, ó sọ fún toko.
Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo wọn ti mọ̀.
Tísà Lìàdí dé, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún lọ́rùn rẹ̀,
ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú: “Ẹ kú àdánù o. Eku yìí ò ṣeun.”
Mo rántí ohun tí bàbá mi máa ń sọ:
eku ń jẹ gìgísẹ̀ ẹni tó sùn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i;
ilẹ̀ á mọ́ kó tó máa ta ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni Àfúsá wọlé, ó tú etí ìró:
“Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba. Mo mọ̀ ọ́n lórí.”
Kò jókòó. Ẹsẹ̀ ògiri ló ń wò.
“Oúnjẹ lo ń fi májèlé sí, o ò tilẹ̀kùn.
Ògiri rẹ lanu. Ihò tí ọmọ ìka rẹ bá wọ̀, ọmọ eku á wọ̀ ọ́.”
Ó ká aṣọ sókè, ó po sìmẹ́ǹtì,
èmi ń rún ìgò sí i.
A gbé àpò sórí pákó, ìgbọ̀nwọ́ kan sílẹ̀,
a gé ẹ̀ka máńgòrò tó ń fọwọ́ kan páànù,
ohun tó kù, inú dúrọ́ọ̀mù onídèérí.
Kò mẹ́nu ba adìẹ.

Mo ra ìwé tuntun. Inú agolo bísíkíìtì ló ń gbé.
Orúkọ àkọ́kọ́ tí mo kọ, tèmi ni:
*adìẹ kan, abo, lọ́wọ́ Àfúsá.*

Nǹkan kan rìn lókè àjà.
Mo gbé iná sílẹ̀, mo tẹ́tí.
Ọmọńlé ni.
Mo rò pé ọmọńlé ni.