Èmi Ni Mo Ń Kà

Pákó méjì, ìdè ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa kan
(mo bá a jà lórí ìyẹn: láti ọjọ́ náà
àga ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn lálaalẹ́),
bóòtù gígùn tó yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù tó ti kú,
ìdérí agolo ní ìdí rẹ̀ tí a fi ń yí i.
Rosendo ló kàn án. Ó ní ẹ̀rọ tí í bá ọ̀run rìn ni.
Mo ní, “Èyí tó jọ pàkúté eku yìí?”
Kò dáhùn. Ó ń fẹ́ eruku kúrò lójú kámẹ́rà.

Láti ọ̀sán gangan ló ti gbé igi nàró sórí àpáta,
ó fi èédú tọ òjìji rẹ̀ gbọọrọ.
Ibi tí òjìji bá nàka sí, ibẹ̀ ni gúúsù.
Torí ní ìsàlẹ̀ ayé tí Chile wà yìí
kò sí ìràwọ̀ gidi kan tó jókòó sójú kan
tí èèyàn lè fi ṣe òpó,
ìràwọ̀ onírù náà kò sì ní dúró de òkùnkùn:
ó ń tẹ̀lé oòrùn wọ òkun
bí ọmọ tó di etí ìró ìyá rẹ̀ mú.
Bí a bá yá jù, ojú ọ̀run á mọ́lẹ̀ jù ú lọ.
Bí a bá pẹ́, ó ti lọ.
Ogún ìṣẹ́jú ló wà láàárín méjèèjì.

Oòrùn wọ̀. Òkun pọ́n bí epo,
ó wá rẹ ara rẹ̀ sínú aró.
Àgùàlà ló kọ́kọ́ yọ, aláṣehàn.
Mo ní, “Òun rèé!” Ó ní, “Otilia, ìyẹn kọ́.”
A wò títí omi fi bọ́ lójú mi.
Lẹ́yìn náà, lókè àpáta ẹyẹ òfú,
ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ojú omi,
ohun kan bí ìgbà tí ọwọ́ ìyẹ̀fun kan aṣọ dúdú.
Bí mo bá tẹjú mọ́ ọn, ó parẹ́.
Bí mo bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó padà.

“Máa kà.”
Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin,
bí mo bá dé ẹẹ́dógún, á yí ìdérí ní ìdámẹ́rin,
jẹ́jẹ́, láìmí.
Ó ní ayé ló ń yí, kì í ṣe ọ̀run,
a kàn ń fi ìdè ilẹ̀kùn
gba díẹ̀ padà nínú ohun tí ayé ń gbé lọ ni.
Àádọ́ta ọdún ni mo ti bá ọkùnrin yìí gbé.
N kò rí i kó fọwọ́ kan nǹkan báyìí rí
àfi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Eliseo lé e lọ́wọ́.

Mo ka ẹ̀wá. Ọkọ̀ Eliseo yọ lẹ́yìn àpáta,
àtùpà rẹ̀ funfun báláú,
ó ń lọ dẹ ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́wàá ní ibú.
Mo mọ ẹ́ńjìnnì náà: bí arúgbó ló ṣe ń húkọ́.
Iye bọ́ lọ́wọ́ mi.
“Mélòó?”
Mo parọ́. Mo ní mẹ́tàlá.

Nínú gíláàsì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà
ìràwọ̀ onírù dúró ṣinṣin, ìrù rẹ̀ nà sókè,
ó kẹ̀yìn sí oòrùn bí ẹni tí a ṣẹ̀.
Àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ rí roboto,
àfi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kókó ní ẹ̀gbẹ́.
Irọ́ mi nìyẹn.
Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìsàlẹ̀!
Àpáta tí ìmìtìtì ilẹ̀ kò ṣí nípò rí,
ó ti fì, ó di méjì,
àtùpà ọmọ mi sì di òwú funfun kan
tí wọ́n fà kọjá lórí omi.

Rosendo ní òun á gé apá ìsàlẹ̀ dànù.
Mo ní kó dán an wò.

Ìràwọ̀ yẹn, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún
ni yóò tó padà.
A kó pákó wọlé. Òtútù ti mú.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò fi àga ti ilẹ̀kùn.