Ìyá Wọn Kò Kàwé

Dókítà ẹran fi òwú ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà,
ó dì í sínú ike, ó gba ọ̀nà Èkó lọ.
Ṣówèmímọ́ ti gbowó ọmọ ajá sílẹ̀:
"Ajá òyìnbó mi ló gùn ún. Ẹ wo etí!"
Mo wo etí. Etí wò mí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, èsì bọ́ sórí fóònù:
méjì péré ni tiẹ̀.
Mẹ́rin tó kù, ìwé ò mọ bàbá wọn.
A yíjú sí etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
níbi tí ajá Ràímì apẹja, elétí kan,
ti ń rún orí ẹja,
tí kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ìyá wọn nà gbalaja,
ó ń lá mẹ́fà bí ẹní lá ọmọ kan.

Èyí tó jẹ bàtà mi ni mo mú.