Kò Sí Ẹrù Mọ́

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ẹ̀rọ fún Arvid Lahti.
Àpótí agbóhùnsókè mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo bí ọmọ màlúù,
okùn iná tí mo ká sí èjìká bí ẹni ká ejò,
láti Duluth dé Fargo, láti Fargo dé Winnipeg,
nínú ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì bí òtútù bá mú.
Ẹ wo ẹ̀yìn mi, ẹ óò mọ̀ pé n ò parọ́.

Nígbà yẹn, bí Arvid bá fọwọ́ kan gìtá,
gíláàsì á máa gbọ̀n lórí tábìlì ọlọ́tí,
àwọn ọmọ á máa fò, irun á bo ojú,
kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí.
Èmi gan-an ò gbọ́, èmi tí mo fi òwú dí etí.
Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ń kọ gan-an.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ò rántí.
Irin, mo gbé e.
Ìrìn, mo rìn ín.
Orin fúnra rẹ̀, a ò tíì pàdé.

Ìlú irin ni ìlú wa.
Yìnyín wa kì í funfun ju ọjọ́ kan lọ,
eruku ibi ìwakùsà ti sọ ọ́ di pupa.
Lóṣù kọkànlá, wọ́n ti géètì ibẹ̀ pa,
wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Irinwó ènìyàn ó dín mẹ́ta,
“ẹ̀yin òṣìṣẹ́” ni wọ́n pè wọ́n, bí ẹni ń ṣe ṣíọ̀ sí adìẹ.
Lempi wà nínú wọn, ẹ̀gbọ́n Arvid,
tó wa ọkọ̀ ràgàjì inú kòtò fún ọdún mọ́kàndínlógún.
Ó dojú korobá délẹ̀ níwájú géètì, ó jókòó lé e.
Ó ní òun ò lọ síbì kankan.

Arvid dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta.
Mo sáré lọ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀.
Ó ní, “Fi í sílẹ̀.”
Iná ńkọ́?
“Kò síná.”
Ìlù ńkọ́? Dwight ńkọ́?
“Dwight wà nílé.”
Gìtá pákó bàbá wọn ló gbé dání,
èyí tí ikùn rẹ̀ sán, tí wọ́n fi àtè lẹ̀.
Ọwọ́ mi méjèèjì rọ̀ dirodiro,
bí ẹ̀wù tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

Ohùn rẹ̀ kéré! Ó ha, ó tún já.
Àwọn ọmọ tó wá fò kígbe pé, “Tan iná sí i!”
Àwọn mìíràn tilẹ̀ bínú lọ.
Ó kọrin ọ̀gá tó ń gbé Florida,
tí bàtà rẹ̀ kò fi ìgbà kan pupa rí.
Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin pe orúkọ,
ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, láìyára.
Níbi tó ti gbàgbé, ó dákẹ́,
ẹnì kan sì dáhùn láti inú òkùnkùn:
“Milan Vukelić. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.”
Mo yọ òwú létí. Mo bá òwú létí mi, àṣà ni!

Ó di alẹ́ kọkànlélógójì báyìí. Géètì ò tíì ṣí.
Dwight ti bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ sí Fargo, kò kí wa.
A ta àpótí méjì, a fi ra igi ìdáná;
ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n mú ará ìlú gbóná láìpariwo.
Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí, bí ẹni pé ẹrù ṣì wà níbẹ̀.
Kí Arvid tó fọwọ́ kan okùn gìtá,
á bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, á nà án sí mi.
Mo há a sí abíyá,
kó lè gbóná dè é.