Ẹ̀kúnwọ́ Kan

Lórí òkè kan ní Mizoram,
níbi tí ìkùukùu ti ń sùn sẹ́nu ọ̀nà bí ajá,
Rothuami a máa bu ìrẹsì sínú ìkòkò,
kí omi tó hó, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan padà,
á dà á sínú agolo mílíìkì tó ti dípẹtà:
“Ti Olúwa nìyí.”
Kì í dúró de àmín ẹnikẹ́ni.

Èmi ni mò ń gbé àpò kiri lọ́jọ́ Sátidé,
èmi Hrangkima, ọmọ alàgbà, akọ̀wé ìjọ,
tí ohùn mi ń borí agogo bí mo bá ń gbàdúrà.
Mò ń wọn ìrẹsì, mò ń kọ orúkọ sínú ìwé,
mo sì rò pé bí ìwé náà ti ń kún
ni mo ń sún mọ́ Ọ̀run.

Ọdún tí ọparun tanná dé.
Àwọn àgbà ti wí i: òdòdó ọparun, ìyàn ni èso rẹ̀.
Eku dé. Òru kan ṣoṣo,
oko di pòròpórò.

Mo ní, “Ìyá, ẹ fi tọdún yìí sílẹ̀. Ọlọ́run mọ̀.”
Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó wọ bàtà sódì.
“Ó mọ̀ lóòótọ́. Ọwọ́ mi ńkọ́, ṣé ó mọ̀?
Bí ọwọ́ bá dì, tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń là,
ta ni yóò tún kọ́ ọ?”
Ó na agolo sí mi.
Iṣu igbó ni, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sá a gbẹ,
ẹ̀kúnwọ́ kan. Kò lé.

Òpó ìrẹsì wà nínú ìwé mi,
òpó owó wà.
N ò rí ibi tí màá kọ èyí sí.

Mo gun orí òkè lọ, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta,
mo pe Ọlọ́run títí ohùn fi há.
Afẹ́fẹ́ nìkan ló dáhùn,
òun náà ò dúró.
Bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, mo bá Rothuami nídìí ìsun,
apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, okùn rẹ̀ níwájú orí,
ọ̀pá ọparun mẹ́fà kún fómi:
omi Kungi ni,
Kungi tó fẹ̀sùn olè kàn án lọ́jọ́sí,
tí àìsàn wá dá dúbúlẹ̀.
Kò bi mí ní ohun tí Ọlọ́run sọ.
Ó ní, “Bẹ̀rẹ̀.”
Mo bẹ̀rẹ̀.
Ó fi okùn kọ́ mi níwájú orí.

Ọ̀nà ga. Omi ń ta sí mi lẹ́yìn, ó tutù.
N ò rí ju gìgísẹ̀ rẹ̀ tó sán lọ,
ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan.
N ò rántí gbàdúrà.
Ìgbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ òkè ni mo fura
pé ẹrù náà ti fúyẹ́ tipẹ́,
bí ẹni pé ẹnìkan ki èjìká bọ̀ ọ́ lábẹ́.

Kungi gba omi. Kò dúpẹ́.
Rothuami ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá iná tí yóò fi gbóná.

Lálẹ́, mo fa òpó tuntun sínú ìwé.
N ò tíì mọ orúkọ tí màá fún un.